Báwo ni a ṣe lè rówó oògùn jẹjẹrẹ ọmú nígbà tí aláìsàn kò ní adójútòfò ìlera?

Ọmọ Ìgbómìnà (Òmù-Àrán) béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo gbé wá. Aṣọ ni ó ń tà ní ọjà Òmù-Àrán. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ rẹ̀, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Ìlọrin nítorí jẹjẹrẹ ọmú, wọ́n sì ń fún un ní kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, lọ́wọ́lọ́wọ́. Kẹ́mò yẹn nìkan ti gbé owó ọjà rẹ̀ lọ, ó sì ti gbé èyí tí àwa àbúrò rẹ̀ ní lọ pẹ̀lú.

Ní báyìí, dókítà ti sọ fún wa pé àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé fi hàn pé irú jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní HER2 ni, àti pé ó yẹ kí ó máa gba abẹ́rẹ́ trastuzumab ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta títí ọdún kan yóò fi pé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ń ta ìgò kan, tó sì fi ọdún kan ṣírò rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹbí ti ń sọ pé kí a ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ọ̀tún. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ rà á ti mọ̀ pé ìṣòro ló dé bá wa, iye tí wọ́n sì ń dá kò lè gbé wa dé ìdajì ọdún.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà wà tí owó oògùn yìí fi lè dín kù kí a tó ta ilẹ̀? Ṣé ìjọba tàbí iléeṣẹ́ kankan ń ran irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Ìbátan wa kan sì mọ ẹnìkan ní Èkó tó ń ta oògùn kan náà ní ìdajì owó, ó ní yóò fi mọ́tò ránṣẹ́ sí wa. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i, àmọ́ àwọn yòókù ti fẹ́ gbà.


Apòògùn Tánkè dáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín. Iṣẹ́ apòògùn ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin, oògùn jẹjẹrẹ sì wà lára ohun tí mò ń pò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti Èkó: ẹ má rà á. Trastuzumab kì í ṣe oògùn oníhóró tí ènìyàn lè kó sínú àpò. Láti iléeṣẹ́ tó ṣe é títí dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, inú òtútù 2°C sí 8°C ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ó bá ti gbóná lójú ọ̀nà, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí kò ní yí àwọ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rùn. Bí ó bá sì jẹ́ ayédèrú, ẹ̀gbọ́n yín yóò máa gba omi lásán nígbà tí jẹjẹrẹ náà ń tẹ̀ síwájú, ẹ óò sì máa rò pé ìtọ́jú ń lọ. Ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba irú ìgò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, àwa kì í gbà á.

Mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí èyí tó kàn dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni owó wà. Kí ẹ tó wá owó oògùn, ẹ mú ìwé èsì àyẹ̀wò náà jáde kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí iwájú HER2. Bí ó bá jẹ́ 3+, kò sí àríyànjiyàn, oògùn náà tọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ 0 tàbí 1+, trastuzumab kò sí fún un. Bí ó bá jẹ́ 2+, ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú. Àyẹ̀wò kejì wà tí wọ́n ń pè ní FISH, òun ló máa sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ti rí ẹbí tí wọ́n ń sáré wá owó kiri lórí 2+ tí ẹnikẹ́ni kò parí àyẹ̀wò rẹ̀. Owó àyẹ̀wò náà ń dunni, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oògùn ọdún kan tí kò ní ṣiṣẹ́ lára ẹni tó ń gbà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo orúkọ tí dókítà kọ sínú ìwé oògùn. Trastuzumab ni orúkọ oògùn fúnra rẹ̀. Herceptin ni orúkọ tí Roche, iléeṣẹ́ tó ni ti àkọ́kọ́, ń pe tiwọn. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe irú rẹ̀ báyìí, tí iṣẹ́ wọn nínú ara kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, tí owó wọn sì máa ń fúyẹ́ jù ú lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi trastuzumab sínú àkójọ àwọn oògùn kòṣeémánìí ní 2015, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá 2019, wọ́n fọwọ́ sí àkọ́kọ́ nínú àwọn tí iléeṣẹ́ mìíràn ṣe, kí ó lè dé ọwọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹ lè lo irú èyí, kí ẹ sì rí i pé ó ní nọ́ńbà NAFDAC, àti pé apòògùn ilé ìwòsàn ló rà á wọlé.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgò pẹ̀lú, nítorí àwọn ẹbí kì í sábà gbọ́ ọ. Ìwọ̀n ara ni a fi ń ṣírò oògùn yìí: mílígíráàmù 8 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ní ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ó di 6 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé kìlógíráàmù 60 ni ẹ̀gbọ́n yín wọ̀n: 480 ni yóò gbà ní ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 360. Ìgò ńlá tó wọ́pọ̀ jẹ́ 440, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ó bá gba 360 nínú rẹ̀, 80 yóò ṣẹ́kù. Bí apòògùn bá fi omi tí iléeṣẹ́ fi sínú páálí ìgò ńlá náà pò ó, tó sì gbé e sínú fìríìjì ilé ìwòsàn lọ́nà tó tọ́, èyí tó ṣẹ́kù lè wà níbẹ̀ títí dé ọjọ́ 28, ọjọ́ 21 péré sì ni àlàfo tó wà láàárín abẹ́rẹ́ kan àti òmíràn. Bí wọ́n bá ń fi àṣẹ́kù yìí kún ti ìgbà tó ń bọ̀, ìgbà kan ń bọ̀ tí ẹ kò ní ra ìgò tuntun rárá. Bí àwọn obìnrin méjì tàbí mẹ́ta bá wà tó ń gba oògùn kan náà, ilé ìwòsàn lè kó wọn sí ọjọ́ kan, kí wọ́n jọ pín ìgò láìsí pé ìsun kan ṣòfò. Ìgò kékeré ti 150 kò rí bẹ́ẹ̀ o. Òun kò ṣeé tọ́jú pamọ́ bí ti ńlá. Ẹ bá ọ̀gá apòògùn sọ̀rọ̀ lórí èyí kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ má sì bẹ̀rù láti béèrè; ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìbéèrè kan kù tí dókítà nìkan lè dáhùn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn obìnrin tó lé ní 4,000 kópa nínú rẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2019, fi hàn pé fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì tàn káàkiri, oṣù mẹ́fà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọdún kan, ó sì dín ìpalára tí oògùn náà ń ṣe fún ọkàn kù. Àwọn ìwádìí mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá, ọdún kan náà ṣì ni àwọn dókítà ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n bí yíyàn tó wà níwájú yín bá jẹ́ oṣù mẹ́fà tó pé tàbí ọdún kan tí yóò já lójú ọ̀nà, ẹ gbé e sí iwájú dókítà ní gbangba. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má dá a pinnu o.

Mo sọ̀rọ̀ jíjá lójú ọ̀nà nítorí ohun kan. Bí aláìsàn bá fi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kọjá ọjọ́ tó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́, ìwọ̀n ńlá ti ìgbà àkọ́kọ́ ni yóò tún gbà. Owó tí ẹbí rò pé àwọn fi ìdádúró pamọ́ á tún jáde, á sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti kẹ́mò tó ń gbà lọ́wọ́, ètò kan wà tí Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera ìjọba àpapọ̀ bá CHAI (ẹgbẹ́ Clinton Health Access Initiative), ẹgbẹ́ American Cancer Society àti àwọn iléeṣẹ́ oògùn ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Chemotherapy Access Partnership. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan ń ra oògùn kẹ́mò tó dára ní owó tí wọ́n ti dín kù. Ẹ béèrè ní ilé ìtajà oògùn ilé ìwòsàn yín bóyá èyí tí wọ́n ń kọ fún un wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí naira ti jábọ́ ní 2023, tí àwọn iléeṣẹ́ oògùn GSK àti Sanofi sì kéde ní ọdún kan náà pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, owó oògùn kò dúró lójú kan mọ́. Oògùn kan náà lè jẹ́ iye kan nínú ilé ìwòsàn, kó jẹ́ òmíràn ní ilé oògùn tó wà lódìkejì títì.


Ọmọ Ọ̀rọ̀ dáhùn:

Apòògùn ti sọ èyí tó jẹ mọ́ oògùn, kí n fi ti adójútòfò kún un, nítorí ẹ̀ka yẹn ni mo ti ń jẹun. Òfin NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Òfin wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rí i pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta aṣọ ní Òmù-Àrán. Owó ètò ìlera alábọ́ọ́dé tí òfin ọdún 2014 dá sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, irú bíi ìbímọ àti ibà. Ẹ má fi ọkàn sí i fún jẹjẹrẹ.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ni Cancer Health Fund. Owó ìjọba àpapọ̀ ni, fún aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́, oríṣi jẹjẹrẹ mẹ́ta ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀: ti ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate tó ń mú àwọn ọkùnrin. Ilé ìwòsàn mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ yàn káàkiri orílẹ̀-èdè, UCH Ìbàdàn sì ni èyí tó sún mọ́ wa jù nínú wọn. Kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti rí i gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aláìsàn tí kò lówó, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sósià wẹ́fíà, ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ bá ní ilé ìwòsàn tí ẹ wà báyìí. Ẹ sọ fún wọn láìfi ohunkóhun pamọ́: iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe, iye tí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ jẹ́, iye tí ẹ ti ná, gbèsè tí ẹ ti jẹ. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ni ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n wọ ọ́fíìsì yẹn, wọ́n á ní kí àwọn má lọ máa ṣagbe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nítorí irú wọn gan-an ni wọ́n ṣe gbé tábìlì síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní Ìbàdàn ni ètò náà wà, ẹ ní kí dókítà kọ lẹ́tà tí yóò fi yín lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì mú ẹ̀dà èsì àyẹ̀wò dání, kí wọ́n má bàa tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lórí trastuzumab gan-an, NHIA àti Roche ní àdéhùn kan tí Roche fi ń gbé ìdá 50 nínú 100 owó náà, tí NHIA ń gbé ìdá 30, tí aláìsàn sì ń san ìdá 20 tó kù. Àwọn tó wà lábẹ́ NHIA ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì NHIA ní Ìlọrin bóyá ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lè wọlé sí i, àti iye àsìkò tí yóò fi dúró kí ó tó lè lò ó. Ẹ gba ìdáhùn náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ìdá 20 owó yẹn ṣì wúwo, mo mọ̀, ṣùgbọ́n owó tí ilẹ̀ yín kò lè kájú rẹ̀ lónìí lè di èyí tí ọwọ́ ẹbí yóò tó láìta ilẹ̀.

Àwọn ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀yin àbúrò rẹ̀ pàápàá, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì adójútòfò ìpínlẹ̀ Kwara nígbà tí ara yín ṣì le.


Bàbá Ọ̀ṣọ́ (Ọ̀fà) dáhùn:

Ọlọ́run yóò wo ẹ̀gbọ́n yín sàn. Ọ̀rọ̀ tèmi kò kan jẹjẹrẹ ọmú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn mìíràn yóò ka ibí yìí tí àìsàn tiwọn jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CML. Oògùn rẹ̀ ni imatinib, tí iléeṣẹ́ oògùn Novartis ń pè ní Glivec, oníhóró ni, ojoojúmọ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ máa lò ó. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ti ń gba owó lọ́wọ́ wa lórí oògùn yìí, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa níbẹ̀ pé Novartis àti ẹgbẹ́ aláàánú Max Foundation ti ń fún àwọn aláìsàn CML ní Nàìjíríà lóògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́ láti nǹkan bí 2003, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ló là wá lójú. A gba Òkukù àti Ìkirun dé Òṣogbo, a sì kọjá sí Ifẹ̀. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò tó fìdí irú jẹjẹrẹ náà múlẹ̀, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, oògùn sì jáde. Owó mọ́tò àti owó àyẹ̀wò ni tiwa.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, dókítà tó ń tọ́jú ènìyàn lè má mọ gbogbo wọn. Ẹ máa béèrè lọ́wọ́ àwọn aláìsàn tí ẹ jọ ń jókòó ní kílíníìkì. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ ohun tó pọ̀.


Alàájà Sábó-Òkè dáhùn:

Ẹ kú ìnira, ọmọ mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín fún ẹni tó ń wo ojú ìṣòro yín dá owó. Bí gbogbo ohun tí wọ́n wí lókè yìí bá kùnà, ilẹ̀ kò ní sá lọ.

Mo wà lára àwọn tó máa ń kó owó jọ fún aláìsàn ní àdúgbò wa ní Ìlọrin, mo sì mọ ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn lawọ́. Ẹ má gbé àwòrán ẹ̀gbọ́n yín lórí bẹ́ẹ̀dì káàkiri WhatsApp. Iyì rẹ̀ ni. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tó sọ irú àìsàn náà, oògùn tó nílò àti iye ìgbà tí yóò gbà á, kí ilé oògùn ilé ìwòsàn sì kọ iye owó rẹ̀ sórí ìwé wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ san án tààrà sí asùnwọ̀n ilé ìwòsàn, pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì aláìsàn, kí ẹ sì fi rìsíìtì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ padà sí ẹni tó san án. Èmi ti rí i pé ẹni tó fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún sílẹ̀ sí asùnwọ̀n ẹnìkan yóò san owó abẹ́rẹ́ kan pé, bí ó bá mọ̀ pé inú ilé ìwòsàn ló wọ̀ sí. Ẹ bẹ ọlọ́kọ̀ọ̀kan láti gbé abẹ́rẹ́ kan: ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú gbé ọ̀kan, ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ nínú ọjà gbé ọ̀kan, àwọn tí ẹ jọ jáde ilé ìwé gbé ọ̀kan. Béèyàn bá bẹ gbogbo ayé fún gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó máa ń ká wọn láyà.

N kò mọ ẹ̀sìn tí ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ tọ àwọn Àfáà tó ń pín sàká lọ. Aláìní àti ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà lára àwọn mẹ́jọ tí Kùránì ka ní Súrà kẹsàn-án, ẹsẹ 60, ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n sì ń gbà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ, ẹ bá pásítọ̀ rẹ̀ sọ ọ́, kí ó fi lẹ́tà dókítà náà siwájú ìgbìmọ̀ ìjọ.


Ọmọ Ìgbómìnà (Òmù-Àrán) dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ ri irú rẹ̀ nínú ilé yín. Mo ti wo ìwé èsì náà: 3+ ni. A ti sọ fún ìbátan wa pé kí ó dá ẹni Èkó náà lóhùn pé a kò rà á mọ́, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti gbà pé òun yóò wọ ọ́fíìsì sósià wẹ́fíà ní ọjọ́ kílíníìkì tó ń bọ̀, kí á mọ̀ bóyá Ìbàdàn ni kí á kọrí sí. Ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ ti sọ pé àwọn yóò gbé abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bí lẹ́tà bá ti dé.

Ẹ jọ̀ọ́ Apòògùn, bí a bá rí owó ra ju ìgò kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé owó rẹ̀ lè tún lọ sókè, ṣé a lè tọ́jú rẹ̀ sínú fìríìjì wa nílé? Ṣé àyẹ̀wò mìíràn sì wà tí a gbọ́dọ̀ fi owó rẹ̀ sọ́kàn?


Apòògùn Tánkè dáhùn:

Ẹ má gbé e wá sílé. Iná Òmù-Àrán kò ṣeé gbọ́kàn lé fún irú oògùn yìí. Ẹ san owó rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé oògùn ilé ìwòsàn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n yín sára páálí rẹ̀, kí ó wà nínú fìríìjì wọn, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà tó wà lára ìgò. Bí ó bá di dandan pé kí ẹ gbé e láti ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn, irú bíi láti Ìlọrin sí Ìbàdàn, inú kúlà tó ní yìnyín ni, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ tàbí páálí nípọn sí àárín ìgò àti yìnyín, nítorí bí ó bá dì, ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn.

Àyẹ̀wò tó kù ni ti ọkàn, èyí tí wọ́n ń pè ní echo. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é kí ó tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n á sì máa tún un ṣe ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta títí yóò fi parí, torí pé oògùn náà lè mú kí ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ fi owó rẹ̀ kún ìwé tí ẹ óò fi bẹ àwọn ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń mí gúlegúle, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kí ó má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Kí ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà.